Sátidé Bàbá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá wa lẹ́yìn tí a sin ín tán. Ojú ìwé kan péré ni. Ó kọ ọ́ pé ọmọlúàbí ni bàbá, pé aláàánú ni, pé ó fẹ́ràn ìyàwó àti ọmọ, pé ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Mo kà á tán, mo bi í pé ta nìyí. Ó fajú ro. Ó ní kí ló burú nínú ohun tí òun kọ. Mo ní kò sí èyí tó burú níbẹ̀, àmọ́ tí a bá gbé ìwé náà fún àwọn ará ilé kejì, wọ́n á rò pé bàbá tiwọn ló kú. Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló máa ń fi bíírò pupa sí iṣẹ́ ẹlòmíì, kò sì mọ́ ọn lára kí wọ́n fi sí tirẹ̀. Ó ju ìwé náà sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n kọ tèmi, ká wá wo ohun tí ẹnu gígùn yìí máa bí. Mo mú bíírò. Ohun tó bí nìyí.

Káfíńtà ni bàbá wa. Àga, tábìlì, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ló ń kàn nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó fara ti ilé wa, débi pé ẹ̀rún igi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá ìdáná. Màmá wa máa ń sọ pé igi tí òun ti bá oúnjẹ jẹ nílé yìí pọ̀ ju èyí tí ikán jẹ lọ. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, iṣẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń wọn igi kó tó fi ayùn kàn án, á ki pẹ́ńsùlù bọ ẹ̀yìn etí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ́ńsùlù kiri gbogbo ilẹ̀. Tí a bá sọ fún un pé ẹ̀yìn etí rẹ̀ ló wà, á ní òun mọ̀, òun kàn ń wò ó bóyá òmíì wà ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti di Sátidé, ẹni tó bá ń fẹ́ ilẹ̀kùn kó lọ fi aṣọ dí ojú ilé rẹ̀. Bàbá wa ti wọ igbó lọ.

Ajírìn ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kí oòrùn tó yọ, ó ti wọ bàtà òjò, ó ti dé àkẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ ti fàya, ó ti gbé ọ̀pá ìwọ̀ lé èjìká, búrẹ́dì àti fúláàsì tíì wà nínú àpò. Odò ló ń lọ, odò náà ò sì sí nítòsí. Wákàtí kan àbọ̀ lẹsẹ̀ fi ń débẹ̀: wàá rìn kọjá ibi tí ọ̀dà títì parí sí, wàá gba àárín oko, kó o tó wá já sínú igbó. Kì í tiẹ̀ ṣe ẹja gan-an ló ń lé. Tó bá rí ẹja pa, ó dáa; tí kò bá rí pa, ó dáa bákan náà. Ó mọ ẹyẹ tó ń ké láìgbójú sókè. Ó mọ olú tó ṣeé jẹ, ó mọ èyí tó lè gbé odindi ìdílé lọ sọ́run. Ó lè jókòó sídìí igi kan fún wákàtí kan gbáko, kó máa wo èèrà bí wọ́n ṣe ń ti òkú tata lọ sílé. Nígbà tó bá dé, á sọ fún wa pé àwọn kan nínú wọn kàn ń fọwọ́ kan tata náà ni, wọn ò tì í. Ó ní irú wọn pọ̀ nínú ẹgbẹ́ káfíńtà.

Ẹ má wá rò pé ọkùnrin tó ń sá fún ilé ni o. Nọ́ọ̀sì ni màmá wa, iṣẹ́ alẹ́ ló sì máa ń bọ́ sí i lọ́wọ́ jù, nítorí náà tó bá sùn láàárọ̀, bàbá wa ló ń wẹ̀ wá, òun ló ń fún wa lóúnjẹ, òun náà ló ń di irun wa. Ọ̀rọ̀ irun yìí ni mi ò lè gbàgbé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní irun dídì; okùn ìwọ̀ ló mọ̀ ọ́n so. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò wa nílé ìwé, bó ṣe ń so ìwọ̀ mọ́ okùn tí ẹja ńlá ò fi ní já a lọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe so irun mi. Fọ́tò yẹn wà nílé títí dòní: ìpéǹpéjú mi fà sókè bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò gbà gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, màmá wa jókòó láti tú u. Ó tú u, tú u, kò tú. Ó bá ké sí bàbá pé kó wá tú ohun tó so. Bàbá wò ó láti iwájú, ó wò ó láti ẹ̀yìn, ó wá fọwọ́ nu ẹnu. Ó ní irú kókó báyìí, wọn kì í tú u, gígé ni wọ́n máa ń gé e. Bí wọ́n ṣe gé irun mi mọ́lẹ̀ nìyẹn lọ́mọ ọdún méje. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀, òun náà sì ń di irun ẹ̀gbọ́n mi lọ láìka nǹkan kan sí.

Àwa ọmọ máa ń tẹ̀ lé e lọ sódò. Ẹ̀gbọ́n mi lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó rí ekòló tí wọ́n ń fi bọ ìwọ̀, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Èmi ni mo lọ títí mo fi relé ọkọ. Ìyà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ tí ẹsẹ̀ bá ń dun ọmọ: “Ó ku díẹ̀.” A ò tíì rìn jìnnà sílé, ó ku díẹ̀. A ti rìn fún wákàtí kan, ó ku díẹ̀. Nígbà tó bá yá, á gbé mi kọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ àti àpò, á máa sọ orúkọ ẹyẹ fún mi títí màá fi sùn lọ. Mo ń fi itọ́ ba ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò tẹ̀ lé e rí ni màmá wa. Ó ní òun ń fi ẹsẹ̀ dúró lọ́sìbítù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ dé ìparí, pé kí ni òun máa wá rìn lọ síbi tí kò sí àga sí. Síbẹ̀, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, bàbá á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ká jọ lọ?” Màmá á dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, “Ẹ bá mi kí odò.” Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n fi sọ ọ́ báyẹn. Kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Tí bàbá bá dé nírọ̀lẹ́, á jókòó ti oúnjẹ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìrìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ibi tó gbà, igi tó wó, omi tó kún, ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀. Màmá á kọ ẹ̀yìn sí i, á máa lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun, á máa sọ pé “ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n.” Àánú bàbá máa ń ṣe mí. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ó kàn ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi ni, pé màmá ò gbọ́ ọ̀kankan nínú ẹ̀. Ó ní ó ń gbọ́. Mo pòṣé.

Nígbà tí bàbá pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ìgbàgbé wọlé dé. Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ jẹ́. Ó kó ìṣó sínú fíríìjì. Ó kan ilẹ̀kùn kan tó dára bí nǹkan míì, ó wá gbàgbé ẹni tó ní kó kàn án, ilẹ̀kùn náà sì fẹ̀yìn ti ògiri fún oṣù méjì títí olówó ẹ̀ fi bínú wá. Àwa náà bá a rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tiwa fa bàbá lọ́wọ́ wálé. Gọ́ọ̀mù ni bàbá lọ rà ní ìkọjá òpópónà kejì láti àárọ̀. Ibi tí ọ̀nà mẹ́rin ti pàdé ni onígbàjámọ̀ ti rí i, tó ń wo ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yan aṣọ. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ ojú abẹ níkòó fún wa. Ó ní oògùn wà tó lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, pé kò sí èyí tó máa wò ó sàn.

Ẹ̀gbọ́n mi pe ìpàdé sí pálọ̀. Kó tó jókòó ló ti mọ ohun tó fẹ́ ká fẹnu kò lé lórí: kò sí odò mọ́. Ẹni tó sọ ọ̀nà gọ́ọ̀mù nù, báwo ló ṣe máa dá wọ igbó? Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ní Sátidé. Èmi tí ǹ bá máa tẹ̀ lé e lóyún, èébì sì ń bá mi jà láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ wo apá ibi tí màmá wà. Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní purọ́. Bàbá gbọ́ wa títí a fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

“Ẹ gba ayùn,” ó ní. “Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ gbà á. Sátidé nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́.”

Bàbá mi ò bẹ̀ mí rí láyé mi. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún, ó nu ojú, ó ní kò sí odò mọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá wọ bàtà òjò, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó bá ẹ̀gbọ́n mi tó na ọwọ́ méjèèjì dí i lọ́nà. Bàbá tí kì í bínú wá bínú gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sókè, a gbé e dùbúlẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ọgbọ́n àgbọ́njù kan wá tí olùkọ́ nìkan ló lè ronú kàn. Ó ní tí olùkọ́ kan ò bá wá sílé ìwé, ṣebí wọ́n máa ń yí àkókò ẹ̀kọ́ padà ni, tí ẹnikẹ́ni ò ní pariwo. Ó ní Sátidé ni bàbá ń wá. Tí Sátidé ò bá wá sílé wa, bàbá ò ní lọ sódò. Kí a yọ kàlẹ́ńdà lára ògiri. Kí a yọ bátìrì inú rédíò. Tí bàbá bá bèèrè ọjọ́ ní àárọ̀ Sátidé, kí gbogbo wa sọ pé Fúráìdè ni.

Ó ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá bèèrè ọjọ́, a ní Fúráìdè, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ fá igi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bọ ara wa lọ́wọ́ nínú yàrá ìdáná bí olè méjì. Lọ́sẹ̀ kejì, ó kù díẹ̀ kí onígbàjámọ̀ dà wá. A ti kì í nílọ̀, àmọ́ ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́: ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ kú Sáti...” Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́ títí bàbá fi bu omi fún un. Màmá wa rí gbogbo ẹ̀, kò bá wa dá sí i, kò sì tú wa fó.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa ò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. A jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ yìí ní Fúráìdè méjì. Ó tún kà á, ó wá ká ọwọ́ náà kò, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí èèyàn fi ń tọrọ gáfárà.

“Orí mi ti bàjẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ,” ó ní. “Mi ò rí Sátidé mọ́.”

Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀, ó dìde, ó wọ yàrá. A ò fẹ́ kí bàbá sọ nù, la ṣe purọ́. Irọ́ náà ló wá ń sọ fún un pé ó ti sọ nù tán. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé màá sọ ọ́ lọ́la. Lọ́la, mi ò sọ ọ́.

Bàbá ò dúró dè mí. Nígbà tí Sátidé kọ̀ tí kò wá bá a, ó mú ọjọ́ kan fúnra rẹ̀. Túsìdè ló bọ́ sí. Màmá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, ó bá bẹ́ẹ̀dì ní títẹ́. Bàtà òjò ti lọ, àkẹtẹ̀ ti lọ, ọ̀pá ìwọ̀ ti lọ, òjò sì ń ṣú. Ó pè wá. Ẹ̀gbọ́n mi fi kíláàsì sílẹ̀, onígbàjámọ̀ fi oníbàárà kan sílẹ̀ lórí àga pẹ̀lú orí tó fá dé ìdajì, gbogbo wa pàdé níbi tí ọ̀dà títì parí sí. Wọ́n ń wo ojú mi, torí èmi nìkan ni mo mọ ọ̀nà. Mo wo iwájú, ara mi bù máṣọ. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ti fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí oko po, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí mo mọ̀ ti di koríko. Mi ò mọ ibi tí à bá yà sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká lọ pe ọlọ́pàá.

“Ẹ tẹ̀ lé mi,” màmá ní.

Aṣọ iṣẹ́ funfun yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà ọ́sìbítù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó rìn lẹ́bàá wáyà náà títí a fi kan àpáta kan, ó ní wọ́n dí ọ̀nà yìí lọ́dún tó kọjá, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á gba ẹ̀yìn àpáta. A gba ẹ̀yìn àpáta, a bá ojú ọ̀nà. A dé ibi tí àrá ti wó igi ńlá kan dábùú ọ̀nà, onígbàjámọ̀ fẹ́ gun orí rẹ̀ kọjá, màmá ní kó gba abẹ́, pé ìjàlọ wà lórí ẹ̀. Ìjàlọ wà lórí ẹ̀. Ó ní tí a bá rìn síwájú, a máa gbọ́ omi láìrí i, kí a fi ìró omi náà sí apá òsì títí ilẹ̀ á fi di yanrìn. Ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún ara rẹ̀, kò sì ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé ìgbà wo ló wá síbí rí. Èmi ti mọ̀. Gbogbo Sátidé yẹn, gbogbo aṣọ tó ń lọ yẹn, gbogbo “ẹn-ẹ́n” yẹn. Mo ń sunkún, mo ń rìn, mo ń dúró bì, onígbàjámọ̀ ń fún mi lómi, ó ń sọ fún mi pé kí n má sunkún, òun náà sì ń sunkún.

Bàbá wà létí odò. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, okùn ìwọ̀ rẹ̀ wà nínú omi, àkẹtẹ̀ bò ó lójú. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa, ó yíjú padà, ó rí ìyàwó rẹ̀ níwájú gbogbo wa pẹ̀lú aṣọ funfun tó ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ó sún díẹ̀ lórí gbòǹgbò.

“Nọ́ọ̀sì, o dé,” ó ní. “Jókòó síbí, ibẹ̀ gbẹ.”

Màmá jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi ya ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ ìbáwí, màmá gbé ọwọ́ sókè, ó pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wá sọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó ní kì í ṣe orí bàbá ló gbàgbé Sátidé, àwa la jí i gbé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni, pé kó má bínú sí wa. Bàbá wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé yóò bínú bíi tọjọ́ yẹn, mo ń wo ilẹ̀ bóyá á lanu kó gbé mi mì. Ohun tí mo gbọ́ ni ẹ̀rín. Bàbá rẹ́rìn-ín títí àkẹtẹ̀ rẹ̀ fi já bọ́. Ó ní wọ́n ti jí òòlù òun rí, wọ́n ti jí pákó òun, wọ́n tiẹ̀ jí àga kan tí òun ò tíì kàn tán, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun ò rí ẹni tó jí odindi ọjọ́ kan gbé. Ó ní ó ti rọrùn fún òun báyìí. Ó ní òun ti rò pé òun ti tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo rẹ̀ dára, àmọ́ lọ́la ńkọ́? Ta ló máa mú bàbá wá síbí, ta ló máa mú un padà?

“Èmi ni,” màmá dá a lóhùn. “A lè sọ ọ́ nù sínú igbó, a sì lè sọ ọ́ nù sínú ilé. Mo ti wo ti inú ilé yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò fẹ́ ẹ.”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí wọ́n fi jọ ń lọ. Màmá ra bàtà òjò, ó ní ó ń pa òun lẹ́sẹ̀. Ó bá ẹ̀fọn jà, ó bá oòrùn jà, ó bá koríko wí, ó ní ta ló ń gbá ibí yìí. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ó pa ẹja tó tóbi ju èyí tí bàbá ti pa láti ogún ọdún lọ, bàbá sì gbé e káàkiri àdúgbò fún wákàtí kan, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ìyàwó òun ló pa á, títí ẹja náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, tí onígbàjámọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Nígbà tí mo bímọ, màmá pọn ọmọ náà lọ sódò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn lábẹ́ igi, ẹja kan ò sì rí wọn pè ní ọ̀tá lọ́jọ́ yẹn. Inú ilé wa dùn ní ọdún méjì yẹn ju bó ṣe yẹ kó dùn nínú ilé aláìsàn lọ.

Oorun ni bàbá wa gbà lọ, láìjẹ̀rora, ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Màmá wa ò sunkún púpọ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tí wọ́n lọ kẹ́yìn fún mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó ní wọ́n ti jókòó sórí gbòǹgbò yẹn fún ìgbà díẹ̀ kí bàbá tó yíjú sí òun, tó sì kí òun pé, “Ẹ káàárọ̀ o, ìyá.” Òun mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò mọ òun mọ́. Òun dá a lóhùn bí àlejò. Bàbá bá òun fi ekòló sí ìwọ̀, torí ó ní obìnrin kì í fẹ́ràn láti fọwọ́ kàn án, ó sì fi fúláàsì tíì lọ̀ òun. Lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá òun ní ọkọ. Òun dáhùn pé òun ní. Ó bèèrè bóyá ọkọ òun náà máa ń wá sódò. Òun ní gbogbo Sátidé ni. Ó wá bèèrè bóyá àwọn méjèèjì jọ máa ń wá. Òun sọ òtítọ́ fún un, pé fún ọdún méjìdínlógójì, òun ò bá a wá.

Bàbá wo omi.

“Ẹ máa bá a wá, ìyá,” ó ní. “Ó lè má sọ ọ́ lásọtúnsọ, àmọ́ ó ń wù ú.”

Màmá sọ fún un pé àwọn ti jọ ń wá báyìí.

“Ẹn-ẹ́n, ìyẹn dáa,” bàbá ní, ó sì fa okùn ìwọ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀. “Inú ẹ̀ á máa dùn gan-an ni.”